Ẹnu Ọ̀nà Fíìtì Méjìlá

Arlo Funkhouser ní abà onípáánù kan, ẹ̀rọ ìkórè rẹ̀ kò sì gba ẹnu ọ̀nà abà náà wọlé.

Ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn ni Merle Zehr, tó ń kọ́ abà fún àwọn èèyàn, ri òpó rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún un. Merle kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí ẹnu ọ̀nà ga tó fíìtì mẹ́rìnlá, torí ẹ̀rọ kì í kéré sí i. Arlo wọn ẹ̀rọ tó ní nígbà náà, ó ní méjìlá ti tó. Owó tó tipa bẹ́ẹ̀ ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ kò tó ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là, ṣùgbọ́n ó fi yangàn fún ọdún gbọọrọ ní ilé kọfí, nídìí tábìlì tí àwa àgbẹ̀ Indiana máa ń jókòó sí láàárọ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ àtijọ́ kú, ó ra òmíràn. Èyí fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ga ju àtẹ́rígbà lọ.

Ó tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀, ó rọra wà á wọlé. Àtẹ́rígbà ya páánù orí ẹ̀rọ bí ẹni ya bébà. Láti ọjọ́ náà, ìta ni ẹ̀rọ ń sùn. Òjò ń pa á, yìnyín ń bò ó, eku ń bímọ sínú rẹ̀. Nígbà ìkórè tó kọjá, eku jẹ wáyà rẹ̀. Kí wọ́n tó tún un ṣe, ìjì ti tẹ́ ìdajì àgbàdo Arlo sílẹ̀.

Arlo wá bẹ Merle kó lọ wo abà náà. Àárọ̀ ọjọ́ tí Merle fẹ́ fèsì, gbogbo wa wà nídìí tábìlì.

"Arlo," ni Gus Tolliver, ẹni tó ń sin màlúù, wí, "ṣé o ò tíì kọ́ ẹ̀rọ yẹn bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ ni? Ràkúnmí mà mọ̀ ọ́n."

"Ó mọ ìkúnlẹ̀. Dídìde ni kò mọ̀."

A rẹ́rìn-ín. Merle kò rẹ́rìn-ín.

"Mi ò lè gbé ẹnu ọ̀nà yẹn sókè," ló wí. "Orí òpó wọ̀nyẹn ni igi òrùlé jókòó lé. Tí mo bá gbé ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ ni mo gbé."

"Tá a bá wa ilẹ̀ ńkọ́?"

"Omi á wọlé. Ìdí òpó á sì yọ síta."

"Tá a bá kọ́ òmíràn?"

"Ẹgbẹ̀rún méjìdínláàádọ́ta dọ́là. Mi ò tíì ka kọnkéré mọ́ ọn."

"Èló tiẹ̀ ni fíìtì méjì yẹn nígbà yẹn?" ni Gus bi í.

Arlo fúnra rẹ̀ ló dáhùn. "Ẹgbẹ̀jọ dọ́là."

 

Arlo wo inú ife rẹ̀. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni. Abà olówó báyẹn fẹ́ ìkórè mẹ́wàá kó tó san ara rẹ̀ padà, kò sì sí ọmọ tó fẹ́ oko. Bó bá ra ẹ̀rọ tuntun, ìta náà ni yóò máa sùn. Èyí tó ti bàjẹ́ yìí, ká ní abẹ́ òrùlé ló wà ni, ì bá sìn ín títí agbára Arlo fi tán. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Kip Rademacher jókòó sí ìpẹ̀kun tábìlì, ọmọ ọgbọ̀n ọdún, oko rẹ̀ bá ti Arlo pààlà. Nígbà ìgbìn ló bẹ̀ ẹ́ pé òun fẹ́ háyà ilẹ̀ rẹ̀. Arlo ní kó lọ háyà ilẹ̀ lọ́wọ́ òkú, òun ò tíì kú.

"Kip, ọ̀rọ̀ tó o bá mi sọ lọ́jọ́sí, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, sà. Àmọ́ ilẹ̀ nìkan ni o. Ẹ má bínú, mi ò lè gba ẹ̀rọ yẹn."

"Ta ló fi ẹ̀rọ lọ̀ ẹ́? Gba ilẹ̀. Gbogbo ẹ̀. Apá ibi tó sún mọ́ odò yẹn kì í tètè gbẹ. Má kánjú wọ ibẹ̀."

"Mo gbọ́, sà."

Merle sún ife rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Arlo, ó ṣeé ṣe kí n ṣe òrùlé lásán fún ẹ, láìní ògiri…"

"Merle, o ti sọ tìẹ lọ́dún mẹ́tàlá sẹ́yìn. Èmi ni mi ò gbọ́."

Ó mu ìyókù kọfí náà bó ṣe tutù tó. Ó dé fìlà rẹ̀, ó dìde, ó sì lọ.