Ohùn Adákẹ́

Tí wọ́n bá ní ta ló kọ́ ọkọ aránṣọ àdúgbò wa ní gìtá, a ò rí ẹni tí a ó nàka sí. Ilé ló ń kùn lọ́dà fún oúnjẹ òòjọ́. Inú yàrá kan tó fẹ́ kùn ló ti rí gìtá ọ̀hún, okùn mẹ́ta péré ló kù lára rẹ̀, onílé sì ní kó máa gbé e lọ pẹ̀lú ìdọ̀tí. Ọdún méjì ló fi fọwọ́ wá orin lára rẹ̀, bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn. Nígbà tí kò mọ orúkọ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pe ohùn kọ̀ọ̀kan, ó bá sọ wọ́n lórúkọ fúnra rẹ̀. Èyí tó rọrùn jù ń jẹ́ Jókòó Jẹ́jẹ́. Èyí tó ń fa ìka ya, tó tún ń pariwo, Ìyá Ìyàwó ló pè é.

Ọ̀rọ̀ náà délé àna. "Kí lo pè mí lára igi rẹ yẹn?"

"Ìyá, ohùn tó lágbára jù ni mà. Tí ò bá sí i, orin ò dúró."

"Ẹnu ẹ yìí náà lo fi gba ọmọ mi lọ!"

Àwọn onífíìmù fẹ́ràn ojú ọkọ aránṣọ. Wọ́n á ní kó wá ṣe òkú, kó wá ṣe aláìsàn, kó wá jókòó sẹ́yìn mọ́tò. Fíìmù mọ́kànlá, kò sọ gbólóhùn kan. Làwọn ará àdúgbò bá sọ ọ́ ní Adákẹ́. Ẹni tí kì í dákẹ́ nílé! Bó ń wẹ̀, orin. Bó ń jẹun, orin. Àmọ́ bí ìyàwó rẹ̀ bá gbé fóònù sún mọ́ ọn láti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, á fọwọ́ bò ó.

"Aránṣọ mi, kò tíì jinná. Ṣé wàá gbé aṣọ tó ò tíì ṣẹ́ létí fún oníbàárà ni?"

Nínú fíìmù kejìlá ni wọ́n tó fún un ní gbólóhùn kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n yà á tán, ó sùn lọ́sàn-án Sátidé, kò jí mọ́.

Aṣọ rẹ̀ ń bẹ, gìtá ń bẹ, àwòrán pọ̀. Ohùn ni kò sí. Nígbà tó di oṣù kẹrin, ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, béèrè pé, "Mọ́mì, báwo lohùn dádì ṣe rí gan-an?" Aránṣọ lanu kó fi ṣàpẹẹrẹ, ohùn ara rẹ̀ ló jáde. Ẹ̀rù bà á. Ikú tó ti mú ọkùnrin yìí lọ lẹ́ẹ̀kan tún ti padà wá kó ìyókù. Ló bá ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó di ọ́fíìsì ẹni tó to fíìmù kejìlá náà pọ̀.

Ọkùnrin náà fún un ní ìjókòó, ó tẹ ẹ̀rọ rẹ̀. Géètì kan hàn. Adákẹ́ ṣí i fún àlejò, ó rẹ́rìn-ín, ó lanu.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé àlàáfíà ni?"

Aránṣọ wo yàrá yíká. "Ta ló sọ̀rọ̀?"

"Bàbá ni, mà."

"Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi gbọ́ ohùn ọkùnrin yẹn. Ta ló sọ̀rọ̀?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Jẹnẹrétọ̀ ń ké lọ́jọ́ náà, ohùn bàbá ò já gaara. Èmi ni mo sọ ọ́ rọ́pò."

"Èyí tẹ́ ẹ yọ ńkọ́?"

"A ti pa á rẹ́, mà. Ká ní mo mọ̀ ni…"

"Ohùn rẹ dára. Ohùn ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Àmọ́ kì í ṣe ọkọ mi." Ó fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra. "Pa ohùn tìẹ. Kó o wá tún fi fíìmù náà hàn mí."

Ó pa á. Géètì hàn. Adákẹ́ ṣí i, ó rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ ń mì láìsí ìró. Àlejò inú fíìmù náà kọjá lára rẹ̀ fìrì, kò dá a lóhùn.

Wọn kì í kí èèyàn kéèyàn yodi. Aránṣọ rọra kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀rọ náà.

"Àlàáfíà ni, olówó orí mi," ló wí. "Àlàáfíà ni."