Pátákó Oníhò Nínú Yàrá Bùọ̀dá

Ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mò ń gbé ní Warri nígbà tí owó epo ń gun àwọn èèyàn lórí. Ọkọ rẹ̀, tí mò ń pè ní Bùọ̀dá, jẹ́ ọ̀gá ní iléeṣẹ́ epo kan. Lọ́dún yẹn ó ti ìlú òyìnbó dé pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ńláńlá. Ó lé àwọn ọmọ kúrò nínú yàrá wọn, ó kan kápẹ́ẹ̀tì mọ́ ògiri, ó ní ibi tí a ó ti máa gbohùn orin sílẹ̀ nìyẹn. Kò lè kọrin, kò lè tẹ dùùrù. Ohun tó ṣáà mọ̀ ni pé aládùúgbò kankan ò ní irú ẹ̀.

Ó mú ẹnjiníà kan wá láti Èkó pé kó so àwọn ẹ̀rọ náà pọ̀. Ìgbọ́hùn tí wọ́n ń fi sétí ni ọkùnrin yìí máa ń fi kọ́ ọrùn, kódà bó bá ń jẹun. Iṣẹ́ tó gbà á lákòókò jù ni pátákó irin kan tó ń pè ní páṣìbéè. Ìlà ihò méjì ló ní. Okùn gbogbo ẹ̀rọ gba ẹ̀yìn wọnú rẹ̀, rédíò Bùọ̀dá pàápàá. Ẹni tó bá fẹ́ so èyí mọ́ tọ̀hún á kàn ki okùn kúkúrú bọ ihò méjì níwájú.

Iléeṣẹ́ tẹlifóònù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Irú pátákó yẹn ni mò ń kọjú sí lójoojúmọ́, tí mò ń fi okùn so ará Warri mọ́ ará Sapele. Nígbà tí mi ò rí àkọlé lára ihò kankan, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ò ní kọ orúkọ sí ihò kọ̀ọ̀kan ni?”

Kò bojú wẹ̀yìn. “Sister, this one no be telephone.”

Bùọ̀dá rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ gbé ọtí tútù wá fún ẹnjiníà. Mo gbé e wá.

Lọ́jọ́ Sunday, àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa wá. Ìyá àgbà kan, ọmọ Ìlàjẹ, ló ṣáájú wọn. Wọ́n pa fáànù nítorí ariwo, wọ́n sì kọ orin méje nínú ooru yẹn. Ẹnjiníà tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ tó ń jó lójú ẹ̀rọ, ó ń mi orí. Nígbà tó wá tẹ̀ ẹ́ pé ká gbọ́, ohùn ọkùnrin kan ló jáde, ó ń polówó ọṣẹ ìfọṣọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní, “Na radio be that.”

Ìyá àgbà bi mí jẹ́jẹ́ pé, “Ọmọ mi, ṣé àwa la wà níbẹ̀ yẹn?”

Ẹnjiníà ní iná Warri ò dáa. Bùọ̀dá ní òótọ́ ni. Lọ́jọ́ kejì ọkùnrin náà ní òun ń lọ wá nǹkan kan l'Ékòó, a ò rí i mọ́.

Mo gba ìsinmi ọjọ́ méjì níbi iṣẹ́, mo tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀. Ibi tó yẹ kó so máìkì mọ́, rédíò ló so mọ́ ọn. Àwọn wáyà míì, ńṣe ló kàn fọwọ́ lọ́ wọn, tó fi téèpù dúdú wé wọn. Mo fi òjé jó wọn pọ̀. Ihò tí ohùn ń gbà jáde, mo tò wọ́n sókè. Ihò tó ń gba ohùn wọlé, mo tò wọ́n sísàlẹ̀. Mo kọ orúkọ sí gbogbo wọn. Àwọn akọrin padà wá, ohùn wọn sì jáde kedere. Ìyá àgbà fetí sí i tán, wọ́n ní ohùn àwọn ti gbó, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bùọ̀dá kó àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ẹ̀ wálé. “Ẹnjiníà mi láti Èkó ló ṣe é,” ló wí. “Ẹ wo bó ṣe kọ̀wé sí i.”

“Bùọ̀dá, èmi ni mo kọ ọ́.”

“Àbúrò ìyàwó mi nìyí,” ló sọ fún wọn, “ó bá a kọ díẹ̀ níbẹ̀.”

Ó fẹ́ fi hàn wọ́n bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ki okùn kan bọ ihò láì ka àkọlé, ó so ibi tí ohùn ń gbà jáde lára ẹ̀rọ náà mọ́ ibi tó ń gbà wọlé. Ariwo tó jáde kì í ṣe kékeré. Àwọn àlejò fọwọ́ di etí, Bùọ̀dá wá ń wò mí. Mo jókòó, mo ń wo òun náà. Ẹ̀gbọ́n mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ló fojú bẹ̀ mí, ni mo fi dìde lọ fa okùn náà yọ.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e mo gba yàrá kan ládùúgbò Enerhen, mo kó kúrò nílé wọn. Bùọ̀dá ń sọ káàkiri pé ìgbéraga ló ń yọ mí lẹ́nu.