Ẹ̀gbẹ́ Wíńdò, Níwájú Ọkọ̀

Kí oòrùn tó yọ ni Cecilia Ògúnmọ́lá ti wẹ̀, ó ti wọṣọ, ó sì ti tú báàgì palẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti wò ó bóyá ohun gbogbo pé. Omi wà níbẹ̀. Búrẹ́dì wà níbẹ̀, èyí tí kò ní bọ́tà, nítorí ọmọ rẹ̀ kì í fẹ́ kí ohunkóhun lẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́. Aṣọ tí yóò fi pààrọ̀ wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá kò gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé wọn yóò yọ wọ́n jáde. Fìlà abetí-ajá tí bàbá ọmọ náà fi sílẹ̀ nìkan ni kò sí nínú báàgì, nítorí Fọláránmi ti dé e sórí, ó sì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

“Iwájú,” ni Fọláránmi wí. “Iwájú, ẹ̀gbẹ́ wíńdò.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Fọlá mi. Iwájú, ẹ̀gbẹ́ wíńdò.”

Ó ti ń sọ ọ́ láti ìgbà tí àkùkọ ti kọ. Tí ìyá rẹ̀ kò bá dá a lóhùn, kò ní dákẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ó ga débi pé ó ní láti tẹ orí kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà yàrá kọjá.

Bàbá rẹ̀, Barnabas, ló fi ìjókòó iwájú mọ̀ ọ́n lára. Nígbà ayé rẹ̀, Barnabas ń fi ọkọ̀ kó kòkó láti Ìwàrà wá sí Iléṣà, ọmọ náà a sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orí lára wíńdò, láìsọ ohunkóhun. Àwọn ènìyàn ní odi ni. Àwọn mìíràn ní wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ nílé ìgbẹ̀bí. Dókítà kan ní Ilé-Ifẹ̀ ló wá ṣàlàyé pé ọ́tísíìmù ni wọ́n ń pè é, pé kì í ṣe àìsàn tí oògùn ń lé lọ, pé bí Ọlọ́run ṣe dá ọpọlọ rẹ̀ ni. Barnabas gbọ́, ó mi orí, ó sì gbé ọmọ rẹ̀ padà síwájú ọkọ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti sin Barnabas, ṣùgbọ́n ìjókòó iwájú kò tíì kúrò lọ́kàn ọmọ rẹ̀.

Òṣogbo ni wọ́n ń lọ lọ́jọ́ Ajé yìí. Ní Ọ̀fàtẹ̀dó lẹ́bàá Òṣogbo, níbi tí ilé tuntun pọ̀ sí, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ṣèyífúnmi, tó ń gbin ọmọ igi kòkó àti ọmọ igi ọsàn tà. Àwọn bíi Fọláránmi ló ń bá a bu iyẹ̀pẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú tí wọ́n ń gbin kóró sí. Ilé wà níbẹ̀ tí wọ́n ń sùn láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Àyè ẹnìkan ṣoṣo ló ṣẹ́kù. Cecilia ti dá ọjọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò sì dé. Ṣèyífúnmi kò bínú, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ lórí fóònù ti yàtọ̀.

“Ma, ẹlòmíràn ń dúró de àyè yìí o. Tí mi ò bá rí yín lọ́jọ́ Ajé, màá fún un ni.”

“Ẹ máa rí wa,” ni Cecilia wí.

Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Orókún rẹ̀ kì í gbà kó sùn bí òjò bá ṣú. Àwọn ará ilé a máa sọ fún un pé ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ló ń pọ̀n ọ́n, bí ẹni pé ìtùnú ni. Kì í jiyàn. Ó ń pọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gba ọ̀já lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kọ̀?

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọn kò dé, òjò ni. Ìgbà kejì, òun fúnra rẹ̀ ló bà á jẹ́. Wọ́n ti jókòó sínú ọkọ̀ ní gáréèjì nígbà tí ìyá àgbàlagbà kan dé, gbogbo ojú sì yí sí Fọláránmi níwájú. Cecilia kò dúró kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ojú tì í. Wọn kò ní sọ pé kò kọ́ ọmọ. Ó fa Fọláránmi lọ́wọ́, ó ní, “Dìde fún màmá.” Ni ọmọ náà bá ké, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi iwájú orí gbá ara ọkọ̀. Àwọn ènìyàn ní wárápá ni. Ẹnìkan sáré mú ṣíbí wá láti fi há a lẹ́nu, ẹnìkan da omi lé e lórí, ẹnìkan ń pe Jésù, ẹnìkan ń pe Ànábì. Ẹsẹ̀ ni tìyá-tọmọ fi rìn padà sílé, aṣọ wọn tutù, ẹ̀jẹ̀ sì wà níwájú orí Fọláránmi.

Nítorí náà, lánàá, Cecilia ti lọ bá Mùíbì awakọ̀, ó sì ti bẹ̀ ẹ́ pé kó fi iwájú pamọ́ fún òun. Mùíbì ti gbà. Nígbà tí wọ́n dé gáréèjì láàárọ̀, iwájú ṣófo lóòótọ́. Fọláránmi wọlé, ó gbé orí ti wíńdò. Cecilia jókòó sẹ́yìn rẹ̀ gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó èjìká ọmọ náà. Èjìká yẹn ni ó máa ń tẹ̀ bí ara ọmọ náà kò bá balẹ̀, kó lè rọlẹ̀. Èrò ń wọlé. Ó ku ẹnìkan.

Ẹni náà dé pẹ̀lú ọ̀pá. Fìlà rẹ̀ funfun, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ nà gbọnrangandan, kò ká.

“Ẹ káàárọ̀ sà, Bàbá Ọlọ́rundáre!” ni Mùíbì wí, ó ń dọ̀bálẹ̀. Hẹ́dímásítà tó kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. “Ẹsẹ̀ ńkọ́ sà?”

“Ẹsẹ̀ wà níbi tó wà. Iwájú ni mo máa jókòó.”

Mùíbì wo iwájú, ó wo Cecilia, ó họ orí. Ó ti ṣèlérí, ṣùgbọ́n àgbà ló dé yìí, olùkọ́ rẹ̀ sì tún ni. Ó tẹ orí bọ wíńdò. “Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sẹ́yìn fún Bàbá.”

Fọláránmi kò wò ó. Ó ń fi ìka gbá wíńdò, tọ́, tọ́, tọ́.

“Ọ̀dọ́mọkùnrin, ìwọ ni wọ́n ń bá wí,” ni Bàbá Ọlọ́rundáre wí. “O ò kí mi, o ò tún lè dìde?”

“Ẹ wo géńdé!” ni Fàtímọ̀ tó ń ta ẹ̀pà sísè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ pariwo. “Ó jókòó bí ọba tuntun!”

“Mùíbì, ṣé a máa lọ àbí ká sọ̀ kalẹ̀?” ni ọmọbìnrin kan tó di fóònù mú wí láti ìjókòó àárín.

Cecilia ti sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti dé ara ilẹ̀kùn iwájú. “Ẹ má bínú” ti wà lẹ́nu rẹ̀, ó kàn kù kó jáde ni, bó ṣe ń jáde láti nǹkan bí ogún ọdún, kí ọmọ náà tó ṣe ohunkóhun rárá. Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ bá àpá tó wà níwájú orí Fọláránmi.

Ó gbé ọwọ́ kúrò. Ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ gáréèjì tí epo ọkọ̀ ti sọ di dúdú, orókún méjèèjì.

“Ẹ káàárọ̀ sà. Èmi ni mo bí i. Kò ní dìde, sà.”

Fàtímọ̀ gbàgbé láti gba owó ẹ̀pà.

“Kí lo wí?” ni Bàbá bi í.

“Kò ní dìde, sà. Kì í ṣe àfojúdi. Bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe rí ni, tí a bá yí àyè rẹ̀ padà lójijì, ara rẹ̀ kò ní gbà á. Ẹ ò lè mọ̀, nítorí kò fọ́jú, kò rọ lẹ́sẹ̀. Mo rí i pé ẹsẹ̀ ń dùn yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ìjókòó tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, àyè wà láti na ẹsẹ̀ níbẹ̀. Èmi á lọ sẹ́yìn pátápátá.”

Bàbá Ọlọ́rundáre fi ọ̀pá gún ilẹ̀. “O kúnlẹ̀ fún mi, o sì ń sọ fún mi pé rárá?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ẹni tó bá kúnlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ló máa ń sọ.”

“Ẹ̀kọ́ ilé tuntun ló dé o!” ni Fàtímọ̀ wí.

Cecilia kò dìde. Bàbá wò ó, ó wo iwájú, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. “Dìde, jàre, kí o má baà fi epo ba ìró jẹ́,” ló wí níkẹyìn, ó sì ń kùn wọnú àárín ọkọ̀.

Bí Cecilia ṣe dé ẹ̀yìn, láàárín agbọ̀n obì àti àpò gààrí, ló tó mọ ohun tí ó ti ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ kò tó èjìká ọmọ rẹ̀ mọ́. Bàbá ló wà láàárín wọn. Etí fìlà abetí-ajá nìkan ló ń rí.

Wọn kò tíì kúrò ní Iléṣà tán nígbà tí ọmọbìnrin tó di fóònù mú ṣí fídíò kan. Orin ń dún, àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Fọláránmi fa etí fìlà bo etí ara rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, hùnnn, hùnnn, ó ń mi síwá mi sẹ́yìn. Kò pẹ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá iwájú ọkọ̀.

“Màmá! Mò ń wakọ̀ o!” ni Mùíbì kígbe. “Tí ò bá dákẹ́, màá dúró kẹ́ ẹ sọ̀ o!”

Cecilia di etí agbọ̀n obì mú. Ó ń rí i tẹ́lẹ̀: ọkọ̀ yóò dúró, wọn yóò sọ̀ kalẹ̀ sínú igbó, Ṣèyífúnmi yóò sì pe ẹlòmíràn.

“Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi dín ohùn fóònù yẹn kù.”

“Dátà mi ni mo fi ń wò ó, Màmá. Ẹ ò jẹ́ kí Bàbá jókòó síwájú, fóònù wa ló tún kàn?”

“Pa á,” ni Bàbá Ọlọ́rundáre wí.

“Sà?”

“Pa á. Oorun ni mò ń wá, ẹ̀rín àwọn wèrè yẹn kò jẹ́ kí n rí i.”

“Ṣùgbọ́n mo sanwó ọkọ̀, sà.”

“O sanwó ibi tí o gbé ìdí lé. O ò sanwó etí mi.”

Ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà pòṣé, ó sì pa fóònù. Ṣùgbọ́n Fọláránmi kò dákẹ́. Ohùn rẹ̀ ń ga sí i.

“Bàbá,” ni Cecilia pè láti ẹ̀yìn. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi fi ọwọ́ tẹ èjìká rẹ̀.”

“Èmi? Ọmọ tó kọ̀ láti dìde fún mi?”

“Òun ni, sà. Ẹ má rọra tẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa.”

Bàbá na ọwọ́, ó ń kùn. “Ó tó?”

“Ẹ fi kún un, sà.”

“Ó tó báyìí?”

“Ẹ fi kún un sí i.”

“Ṣé gààrí ni mò ń fún omi rẹ̀ ni?” Síbẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Cecilia rí iṣan ọwọ́ àgbà náà tó yọ. Ohùn Fọláránmi ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀rọ tí epo ń tán nínú rẹ̀, títí tó fi ku ìka rẹ̀ nìkan lára wíńdò. Tọ́, tọ́, tọ́.

Cecilia kò fẹ̀yìn ti nǹkan kan. Nígbà tí Bàbá sùn tí ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, ó kígbe, “Bàbá!” Bàbá ta jí, ó ní, “Mo wà níbẹ̀, mo wà níbẹ̀,” ó sì tún dì í mú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wọ Òṣogbo.

Ní gáréèjì, Bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó ń na ọwọ́ tó ti ro. “Ọmọ rẹ kò kí mi o,” ló wí.

“Kò kí yín, sà,” ni Cecilia wí. “Èmi dúpẹ́.”

Bàbá ní, “Hùn,” ó sì bá ọ̀pá rẹ̀ lọ.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé wọn dé Ọ̀fàtẹ̀dó. Kò ní wíńdò rárá, ṣùgbọ́n Fọláránmi jókòó létí, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i lójú, kò sì ráhùn. Ṣèyífúnmi jáde pẹ̀lú bàtà rọ́bà, iyẹ̀pẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀ ma! Ẹ dé lóòótọ́!”

“Ẹ má bí…” ni Cecilia bẹ̀rẹ̀. Ó gbé ìyókù ọ̀rọ̀ náà mì. “Fọláránmi rèé. Ẹ̀gbẹ́ wíńdò ló máa ń jókòó. Bí àlejò tilẹ̀ dé, ẹ má gbé e kúrò níbẹ̀.”

“Ìyẹn ò le, ma.”

Fọláránmi ti dé ìdí òkìtì iyẹ̀pẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ náà gbẹ, kò lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó bu ú sínú ọ̀rá, ó sì fi ìka gbá ara ọ̀rá náà kí iyẹ̀pẹ̀ lè jókòó. Cecilia jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Ó ń dúró de igbe tí kò wá.

“Ṣé aṣọ rẹ̀ wà nínú báàgì, ma?” ni Ṣèyífúnmi bi í nígbà tí ọ̀sán pọ́n. “Ẹ jẹ́ kó sùn síbí lónìí. Àyè náà ti di tirẹ̀.”

Òun nìkan ló padà sí gáréèjì. Mùíbì rí i, ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú. “Màmá, ẹ bọ́ síbí. Ẹ ti ṣiṣẹ́ lónìí.”

“Rárá o. Kì í ṣe àyè mi.”

Ó jókòó sẹ́yìn ìjókòó náà, níbi tó máa ń jókòó sí. Géńdé kan tí kò mọ̀ rí ló wá gba iwájú. Nígbà tí ọkọ̀ ṣí, ọwọ́ Cecilia dìde fúnra rẹ̀, ó ń wá èjìká. Ó dá a dúró kó tó kan ọmọ ọlọ́mọ, ó fi di ẹ̀yìn ìjókòó mú, kò sì tú u sílẹ̀ títí wọ́n fi dé Iléṣà.