Ilẹ̀ Inú Ọkọ̀ Rubondo

Orúnkún Kokutona ti ń dùn ún kó tó dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ọkọ̀ ojú omi náà. Irin ni àtẹ̀gùn ọ̀hún, oòrùn Mwanza sì ti mú un gbóná. Arúgbó náà di okùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, ó mí kanlẹ̀, ó gùn ún.

Rutashobya ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn. Òun náà ti ń hu ewú. Ọkọ̀ ẹrù ló ń wà kiri: lónìí Dodoma, lọ́la ẹnubodè Rwanda. Kò níyàwó, kò nílé.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká padà. Kí lẹ ń wá nínú ògbólógbòó ọkọ̀ yìí?"

"Ibi tó tẹ̀lé ọ wáyé ni mò ń wá."

"Ẹ rọra sọ ọ́, àwọn èèyàn ń gbọ́."

"Kí wọ́n gbọ́. Ṣé o jí i ni?"

Nígbà tí ọkọ̀ náà, Rubondo, ṣì ń kó èrò láti Bukoba wá sí Mwanza, ìsàlẹ̀ ni Kokutona máa ń jókòó sí, láàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń lọ tà. Ọkọ rẹ̀ mọ oko, òun mọ omi. Níbẹ̀ ni ìrọbí mú un, nígbà tí ilẹ̀ kò hàn níwájú, tí kò hàn lẹ́yìn. Obìnrin ẹlẹ́ja kan ló gbẹ̀bí rẹ̀. Ọmọ dé, ibi ọmọ dé. Níbo ni wọn ó sin ín sí? Ẹsẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni àwọn Haya, ẹ̀yà Kokutona, máa ń sin ibi ọmọ sí, nínú oko bàbá rẹ̀, kí ọmọ lè mọ̀ pé ilé nìyí. Wọn kì í jù ú fún ẹja.

Ilẹ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú ọkọ̀, inú àpótí òdòdó ọ̀gá atukọ̀, lókè, níbi tí àwọn olówó ń jókòó sí. Ẹlẹ́ja fi aṣọ bo nǹkan náà, ó gòkè bí ẹni ń wá omi gbígbóná, ó sin ín síbẹ̀. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó ní, "Ọmọ ẹ ti di ọlọ́lá. Òkè ló ń gbé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín tán. Rutashobya kò jókòó síbì kan rí. Bàbá rẹ̀ kú, oko ń dúró dè é. Lásìkò tata tí wọ́n ń pè ní senene, á wá sílé wá jẹ ẹ́ ní díndín yó, á ní òun ń bọ̀ láìpẹ́, á tún di àwátì. Àwọn ẹbí ọkọ ní kí Kokutona má bá ọmọ náà wí mọ́, pé ibi rẹ̀ ń rìn lórí omi. Bí ìkórè yìí bá parí tí kò sì tíì wá jókòó tì í, wọn ó pín oko náà láàárín ara wọn. Ohun tó gbé arúgbó náà wọ bọ́ọ̀sì wá sí Mwanza nìyẹn.

Ọkọ̀ náà ti di ilé ẹ̀kọ́ àwọn atukọ̀. Lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kí ará ìlú wá wò ó. Ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan, Leokadia, tó so fèrè mọ́rùn, ló ń mú wọn kiri. Tábìlì àti pátákó ìkọ̀wé ló wà níbi tí Kokutona bímọ sí. Ó wò ó fìrí, ó ń bá ìrìn rẹ̀ lọ. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Ṣé ó ṣì ń rìn?"

"Rárá o, Màmá àgbà. Wọ́n ti dè é mọ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ la fi ń kọ́ṣẹ́. A tú u, a tò ó, a tún un tú."

"Láti ìgbà wo?"

"Wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn."

Kokutona yíjú sí ọmọ rẹ̀. "O gbọ́? Ọkọ̀ ti jókòó. Ìwọ ńkọ́?"

"Ṣéènì ni wọ́n fi dè é, Màmá. Kì í ṣe pé ó wù ú."

Kokutona di irin àtẹ̀gùn mú, ó ń gòkè.

Àpótí náà ṣì wà lókè. Òdòdó ti kú. Èèpo ọsàn ló kún ojú rẹ̀, okùn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta kókó sì yí etí rẹ̀ ká. Kokutona tú ìró òkè ara rẹ̀.

"Màmá àgbà, wọn kì í mú nǹkan kúrò níbí o."

"Erùpẹ̀ ni."

"Erùpẹ̀ ọkọ̀ ni."

"Èmi ti fi nǹkan síbẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹ." Ó sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́ fún un.

Leokadia wo Rutashobya láti orí dé ẹsẹ̀. Ó fọn fèrè rẹ̀. "Gbogbo yín, ẹ jẹ́ ká lọ wo ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń gbẹ̀mí là! Òdìkejì ló wà!" Ó kó èrò lọ, kò wẹ̀yìn.

Kokutona fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Orúnkún kọ̀. Ó tún gbìyànjú, ó kérora, ó di àpótí mú.

Rutashobya ń wo adágún. Ó wá ṣí fìlà rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó gbá èèpo ọsàn kúrò, ó ki ọwọ́ bọlẹ̀.

"Ṣé ibí ni?"

"Mi ò mọ̀. Ẹlẹ́ja ló mọ̀, ó sì ti kú."

"A jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ la máa kó."

Ó kó o sínú ìró ìyá rẹ̀, ó dì í. Ó wúwo. Ó gbé e lé èjìká, ó fi ọwọ́ kejì di ìyá rẹ̀ mú sọ̀kalẹ̀.

Níbùdókọ̀, Kokutona na ọwọ́ sí ẹrù náà. "Gbé e wá. Wọ́n ń dúró dè ẹ́ nídìí ọkọ̀ ẹrù rẹ."

"Ta ló máa gbẹ́lẹ̀ tí ẹ máa sin ín sí? Ẹ̀yin, pẹ̀lú orúnkún yìí?"

Rutashobya bá ìyá rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì Bukoba, ó jókòó. Kò sọ pé òun ó dúró sílé. Ìyá rẹ̀ kò bi í. Ó gbórí lé ìdì erùpẹ̀ tó wà lórí itan ọmọ rẹ̀, ó sùn lọ.