Ojú Tó Di Ọwọ́ Mi Mú
Lórí ààlà oko wa lọ́nà Kuta ni àbúrò mi ti fi ẹ̀ṣẹ́ gbá mi lójú. Èmi ni mo kọ́kọ́ fi igi là á lẹ́yìn. Kí a tó délé, ẹ̀jẹ̀ ti kún inú ẹyinjú mi, n kò sì fi í ríran mọ́.

Ní ọsibítù, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ náà kò jẹ́ kí òun fi tọ́ọ̀ṣì rí inú rẹ̀. Ó ní kí n pa ojú dé, ó fi nǹkan tútù tó ń yọ̀ bí ilá pa ìpéǹpéjú mi, ó sì gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú aboyún lé e.

"Bàbá, ẹ yí ẹyinjú sókè. Ẹ yí i sápá ọ̀tún." Ó gbé ẹ̀rọ náà kúrò. "Awọ ẹ̀yìn ojú yín ti ya létí. Bí ẹ bá tún jà kí n tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ojú náà fọ́ nìyẹn."

Àbúrò mi ti dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. "Bọ̀dá mi, ẹ gbá mi padà."

Mo há ọwọ́ mọ́ abíyá. "Dúró dè mí."

Ọjọ́ tí dókítà ní ojú ti jinná, mo bá a lóko, mo sì fọ́ ọ létí. Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bọ̀dá mi, ojú yín mà ti là o! Ẹ ò tàsé."