Òǹkọ̀wé Alààyè Tí A Pè Ní Olóògbé

Obìnrin tí mo kọ pírójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá mi lé lórí kò tíì kú. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ìtàn àròsọ ló ń kọ, ó sì ń kọ ọ́ lọ́wọ́. N kò fẹnu lásán sọ ọ́. Mo wo ìkànnì rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ níbi tó ti ń ṣàlàyé bó ṣe fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ lẹ́yìn ìwé rẹ̀ kejì, àti bó ṣe máa ń kọ̀wé kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó jí. Ọdún tí mo ń kọ iṣẹ́ náà gan-an ni ìwé rẹ̀ tuntun jáde.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí mo lọ, tí n kò ní dárúkọ, orí kejì pírójẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ jẹ́ ìtàn ìgbésí ayé òǹkọ̀wé, tàwọn tó ṣáájú la sì máa ń wò kọ ọ́. Pírójẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ló wà nílẹ̀ lórí obìnrin yìí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì pè é ní olóògbé. Mo tẹ́ wọn síwájú, mo kà wọ́n láti ìlà dé ìlà. Ẹnì kan ló kọ́kọ́ kọ ọ́ láìsọ ibi tó ti rí i. Àwọn méjì yòókù dà á kọ, tòun ti àṣìtẹ̀ inú rẹ̀. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni wọ́n, wọn kì í ṣe mẹ́ta.

Mo ṣàlàyé èyí fún olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ bíi tèmi ni, ó sì ti bá ìyá mi kọ́ni rí. Kò tiẹ̀ wo fóònù tí mo nà sí i.

"Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ mẹ́ta kọ ọ́ pé ó ti kú, ìwọ lo wá fẹ́ jí i dìde?"

Àwọn tó wà ní ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n dá "olóògbé" tí mo yọ padà síbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun kò ní buwọ́ lù ú. Láìsí ìbuwọ́lù yẹn, n kò ní sí lára àwọn àgùnbánirọ̀ ọdún náà.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé ní Ìkẹ́rẹ́. Ìyá mi ní kí n kọ ohun tí ọ̀gá fẹ́, pé òyìnbó náà kò ní wá bi mí léèrè. Mo kọ ọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́, inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ tí a gbèjà iṣẹ́ wa, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó wá dán wa wò láti yunifásítì mìíràn ṣí orí kejì.

"Ìgbà wo ló kú? Ìwé rẹ̀ tuntun ni mo ń kà lọ́wọ́."

Mo wo olùkọ́ mi. Nílé wa, ọmọdé kì í já irọ́ àgbà lójú àlejò. Àgbà náà ló yẹ kó gba ọmọ sílẹ̀. Mo dúró kó sọ̀rọ̀. Ó sì sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi bá a wí. Gbogbo ìgbà ni mò ń sọ ọ́ fún wọn. Wọn kì í ṣèwádìí."

Ẹ̀dà tí mo kọ́kọ́ kọ wà nínú báàgì mi lábẹ́ àga, níbi tí olùkọ́ mi ti fi báírò pupa fa "ó ṣì wà láàyè" yọ. Mo lè pe ìdákẹ́jẹ́ mi ní ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n mo ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa: ẹ̀rù ni. Mo ní kí wọ́n má bínú, wọ́n sì yọ lára máàkì mi. Olùkọ́ mi ló kọ́kọ́ mirí pé kò burú, bí ẹni tó ti dárí jì mí.