Ọjọ́ Tí Bọ́ọ̀sì Fi Mí Sílẹ̀ Létí Odò Erinmi

Ọdún kejì tí ọkọ mi, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, kú ni àwa olùkọ́ ilé ìwé wa ní Ọ̀fà lọ wo ọgbà ẹranko ìjọba ní Borgu. N kò fẹ́ lọ. Ọ̀gá wa obìnrin ló ní kí n má jókòó sílé kí n máa wo ògiri. Ọmọ mi kan ṣoṣo ti lọ sí ilé ìwé gíga lókè Ọya, ilé sì ti tóbi jù fún mi.

A sùn mọ́jú ní Búsà. Nígbà tó di àárọ̀, bọ́ọ̀sì tó máa ń kó àlejò wọnú ọgbà, tó sì máa ń kó wọn bọ̀, wá gbé wa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń há mọ́ra wọn, wọ́n ń ṣẹ̀fẹ̀, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ mi ṣófo. Wọn kò kórìíra mi. Láti ìgbà tí mo ti di opó ni ọ̀rọ̀ ti máa ń tán lẹ́nu wọn tí mo bá dé. Mo gbé báàgì mi sórí àga tó ṣófo náà.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí oòrùn kàn tàrí, dírẹ́bà dúró létí odò.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ wo erinmi, ṣùgbọ́n ẹ má pẹ́ o!"

Mo rìn lọ síbi tí igi ti ṣíji bo omi. Etí erinmi kan kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀, ó wá fẹ́ atẹ́gùn gbùù. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní, "Ẹ wò ó!" Àṣé ọkọ mi ni mò ń pè. Mo dúró síbẹ̀, omijé gbà mí lójú. Nígbà tí mo fi máa padà, ipa táyà nìkan ló kù.

Gádì ọgbà kan tó gbé ìbọn kọ́ èjìká jáde lábẹ́ igi.

"Màmá, mọ́tò ti lọ?"

"Ó ti lọ."

"Wọn á rántí yín. Wọn á padà báyìí."

A jókòó. Ó bu ẹ̀pà fún mi. Ó ń wo ọ̀nà títí, nígbà tó yá kò wò ó mọ́.

"Ṣé kò sẹ́ni tó jókòó tì yín nínú mọ́tò ni?"

"Báàgì mi ló jókòó tì mí."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní Kaiama ni ìyàwó òun àti àwọn ọmọ wà, ìgbà òjò tí ọgbà bá tì lòun tó ń rí wọn.

Àsẹ̀yìnwá, bọ́ọ̀sì kan náà kó àlejò mìíràn dé. Dírẹ́bà kò mọ̀ pé òun gbàgbé ẹnì kankan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gádì, mo bá wọn padà.

Ní ibùdó àlejò, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń jẹ ìrẹsì. Báàgì mi wà lórí bẹ́ǹṣì. Ẹnì kan ti bá mi gbé e sọ̀ kalẹ̀, kò sì béèrè ẹni tó ni ín.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Àǹtí, a rò pé ẹ lọ sinmi ni."

"Mo sinmi díẹ̀," ni mo wí. Mo jẹ ìrẹsì tó ti tutù.

Nígbà tí ọmọ mi wá lo ọlidé, mo sọ ọ̀rọ̀ erinmi fún un, n kò sọ ìyókù.

Ó ní, "Ẹ gbádùn ara yín nìyẹn, Mọ́mì."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo bá wọ kíṣìnì lọ tan sítóòfù.